Ọ̀ṣuntọ́lá àti Èèwọ̀ Oúnjẹ Ọkọ Rẹ̀

Bí o bá dé Ọjà'ba tí o béèrè ẹni tó ń ta ewé àti egbò tí kì í tan ènìyàn jẹ, o kò ní parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó nawọ́ sí ìsọ̀ Ọ̀ṣuntọ́lá. Ọmọ ilé oníṣègùn ni, ní Beyerunka. Láti ọmọdún mọ́kànlá ló ti ń to egbò sórí àtẹ, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí èpo igi tí o lè fi sí i lọ́wọ́ kó dijú, tí kò ní pe orúkọ rẹ̀ fún ọ.

Obìnrin yìí ní òfin kan. Kò ní ta ohunkóhun fún ọ àfi bó bá kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Kí lẹ tún ń lò?" Bí oníbàárà bá ní òun ń lo àgbo ẹlòmíràn, tàbí oògùn òyìnbó, á dá owó rẹ̀ padà, á ní kó lọ lo èyí tó wà nílẹ̀ tán ná. Ọ̀gá kan wà tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ Mápó, tó fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà wá. Ọ̀ṣuntọ́lá kò tà fún un. Ọ̀gá bú u, ó bínú lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni inú Ọ̀ṣuntọ́lá fi ń dùn. Ó ní owó ọ̀gá dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn ènìyàn kì í ṣe ààtàn tí a ó máa da gbogbo nǹkan sí.

Ọkọ rẹ̀ ni Hezekiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Oníyanrìn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ilé méjèèjì ló yarí. Ilé ọkọ ní ọmọ abọ̀rìṣà kò lè bá àwọn jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìyàwó ní àwọn kò bímọ tí tíṣà yóò máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ṣíbí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé. Àwọn tó yarí náà ti jẹ ìrẹsì ìkómọ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun Hezekiah. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn dókítà sì ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn yóò fa oògùn sí i lára, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù má baà tún hù. Ẹ̀ẹ̀kínní lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó fẹ́ràn wọn dé. Kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wa!

Àǹtí Louisa, ẹ̀gbọ́n Hezekiah lóbìnrin, ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wásáàpù ti sọ fún un pé ẹran àti ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ẹran, ẹyin, wàrà tàbí ohun dídùn kankan mọ́. Alfa Zakariyya, ọ̀rẹ́ Hezekiah láti Ìdí Arère, gbé habatu sauda, èso dúdú wẹ́wẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe oògùn, tí wọ́n pò mọ́ oyin wá. Tirẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹja tàbí ìgbín. Bí oyin ṣe yọ nínú ohun dídùn, ẹnìkan kò béèrè. Lẹ́yìn wọn ni Bàbá Fáwọlé, àbúrò bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, fi kẹ́ẹ̀gì àgbo èpo ọ̀ganwó ránṣẹ́ láti Beyerunka: kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, epo, ilá tàbí ẹ̀wà.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó fúnni lóògùn ló ń fi èèwọ̀ tì í, ẹni tó bá gba oògùn sì ti gba èèwọ̀ nìyẹn. A kì í sì í dá oògùn àgbà padà. Ọ̀ṣuntọ́lá gba gbogbo rẹ̀, ó sì pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ lọ́jà pé ẹlẹ́wé tó ń wo gbogbo ayé, wo bí àìsàn ṣe ń fa ọkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ohun tí òun kò ṣe. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ kan láti bi ara ilé rẹ̀ ní ohun tó ń bi oníbàárà.

Láàárín oṣù méjì, ògì tí kò ní ṣúgà àti iṣu sísè tí kò ní iyọ̀ ló kù tí Hezekiah lè jẹ. Àgbo náà sì ń ṣí i nínú. Ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́ nídìí. Wọ́n lọ gba oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dá wọn padà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n tún lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò tó síbẹ̀.

Dókítà Fọláyẹmí, ọmọbìnrin tí kò tó àbígbẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ orí, gbé ìwé àyẹ̀wò náà kalẹ̀.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, mi ò lè fa oògùn yìí sí yín lára, yóò ṣe yín léṣe. Bí a bá sì ń fi falẹ̀, jẹjẹrẹ ò ní dúró dè wá." Ó kọjú sí Ọ̀ṣuntọ́lá. "Mà, kí ni wọ́n tún ń lò?"

Gbólóhùn tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ojú ti Ọ̀ṣuntọ́lá, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò purọ́. Ó ka gbogbo rẹ̀, oògùn lẹ́yìn oògùn, èèwọ̀ lẹ́yìn èèwọ̀. Dókítà kò bú u. Ó kàn ní, "Kí ló wá kù tí wọ́n ń jẹ?" Ògì àti iṣu nìkan ni Ọ̀ṣuntọ́lá lè dárúkọ. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ó sì dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí àgbo dúró, kí oúnjẹ gidi wọlé.

Ó rọrùn lẹ́nu. Bí Ọ̀ṣuntọ́lá bá ré èèwọ̀ yẹn kọjá láìsọ fún ẹni tó fi lélẹ̀, tí nǹkan sì ṣe Hezekiah, gbogbo ẹbí ni yóò ní ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Kò yà sílé rárá. Láti ọsibítù ló ti gba Beyerunka lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Fáwọlé.

"Bàbá, ohun tí ẹ ní kí n máa bi oníbàárà, ẹ ò bi mí."

Bàbá gbójú sókè. "Ta ló tún fún un ní nǹkan?"

Ó sọ ọ́. Arúgbó náà lọgun. "Mẹ́ta! Nínú ikùn tí wọ́n là! Ọ̀ṣuntọ́lá, ìwọ lo wà níbẹ̀ o!"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ṣẹ̀."

"Èmi náà ṣẹ̀. Ó yẹ kí n bi ẹ́ kí n tó gbé kẹ́ẹ̀gì." Bàbá ní kí wọ́n bu iyọ̀ wá. Ó fi díẹ̀ sẹ́nu, ó bu ìyókù sí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀ṣuntọ́lá, ó ní kó tọ́ ọ wò. "Èmi tí mo fi lé e, èmi ni mo mú un kúrò. Lọ fún ọkọ ẹ níyọ̀. Ẹni tó bá bi ẹ́, ní èmi ni mo ní kí o ṣe é."

Ẹ bá mi wá oníṣègùn àgbà mélòó tó lè sọ fún ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ pé òun ṣẹ̀. Irú ilé tí obìnrin yìí ti wá nìyẹn.

Alfa Zakariyya kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, ó sì gbé ẹja àrọ̀ ńlá méjì wá lọ́jọ́ kejì. Àǹtí Louisa ló ṣòro. Ó ti ṣí fóònù, ó fẹ́ kà á sí wọn létí, nígbà tí Hezekiah sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ nǹkan yẹn ò mọ̀ mí. Dókítà mọ̀ mí. Ìyàwó mi mọ̀ mí."

Louisa sunkún, ó pa fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀ṣuntọ́lá wọ ilé ìdáná bí ẹni wọ ojú ogun. Ẹ̀dọ̀ màlúù àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín, díẹ̀díẹ̀, ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn Hezekiah á bì í. Ọ̀ṣuntọ́lá á nu ilẹ̀, á tún òmíràn sè. Kò ráyè lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bìkítà fún ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ, ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n so oògùn kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Jẹjẹrẹ kò tíì ní òun ń lọ, Ọ̀ṣuntọ́lá kò sì tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù náà bí ìyàwó ọba, kúlà oúnjẹ lórí itan rẹ̀.

"Ìyá Dárasími," Hezekiah pè é. "Ẹran mélòó ló wà nínú kúlà yẹn?"

"Mẹ́rin."

"Jẹ méjì."

"Tiyín ni gbogbo ẹ̀."

"Jẹ ẹ́ kí n rí i. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n má jẹran ni ìwọ náà ò ti fi kan ẹnu."

Ọ̀ṣuntọ́lá ṣí kúlà, ó mú ẹran kan, ó fi sẹ́nu. Hezekiah ń wò ó títí ó fi gbé e mì.