Obìnrin Tó Dúró Lẹ́yìn Piedad

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Edelmira Toro ti ń ya fọ́tò ní ìlú Zaruma tó wà lórí òkè, kò sì sí ilé kan ní orí òkè yẹn tí fọ́tò tó yà kò kọ́ sára ògiri. Kamẹ́rà tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ló ń lò. Ihò tí wọ́n ń gbà wòran lára rẹ̀ wà lókè lẹ́ǹsì, bíi fèrèsé lásán: gbogbo ohun tí èèyàn bá gbà á wò ló mọ́ kedere, iwájú àti ẹ̀yìn. Edelmira mọ̀ pé irọ́ ni fèrèsé náà ń pa. Tó bá fẹ́ mọ ohun tí kò ní hàn dáadáa nínú fọ́tò, á fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á ka nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ǹsì, kì í sì í ṣì í.

Kamẹ́rà tuntun tó rà lọ́dún 1976 ló kó bá a. Èyí ní dígí nínú. Inú lẹ́ǹsì gan-an lèèyàn ń gbà wòran. Bó bá ti dojú kọ ẹnì kan, ẹni náà á mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di kùrukùru lójú ẹsẹ̀. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ní òun ò tún ka nọ́ńbà mọ́ láyé òun. Ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lọ́dún yẹn ni Piedad, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba Kómúníọ̀nù àkọ́kọ́. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí ọmọ Doña Leonor, ìyàwó Don Heriberto oníkọfí. Yàtọ̀ sí tọkọtaya náà, Edelmira nìkan ló mọ̀ pé Rosaura tó ń dáná fún wọn ló bí i. Àdéhùn wọn ni pé Rosaura lè máa gbé ibẹ̀, kó máa fọṣọ ọmọ náà, kó máa di irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá fi ara rẹ̀ hàn bí ìyá ọmọ náà ni yóò kẹ́rù kúrò nílé wọn. Nítorí náà, kò sí fọ́tò kankan tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ wà.

Lẹ́yìn ìsìn Máàsì ọjọ́ náà, Doña Leonor ṣì ń kí àlùfáà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Edelmira mú ọmọ náà dúró síta nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó fọwọ́ pe Rosaura.

"Lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìwọ náà bá a wà nínú ẹyọ fọ́tò kan."

"Doña Edelmira, ẹ má fi mí ṣeré o. Bí wọ́n bá rí mi ńkọ́?"

"Ta ló máa rí ẹ? Kùrukùru lásán ni wàá jẹ́. Ó yá, wá wò ó fúnra ẹ."

Rosaura fojú sí ihò náà. Ó rí ọmọ rẹ̀ kedere, kò sì rí nǹkan gidi kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ dúró, ó tiẹ̀ ṣí ìborí rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán mú lọ́jọ́ náà, Edelmira sì ti yí lẹ́ǹsì kí ojú rẹ̀ lè kéré. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń wòran nínú kamẹ́rà yìí, gbayawu ni ojú lẹ́ǹsì máa ń là. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ló máa ń fún pọ̀. Ojú tó là ló ń rí kùrukùru. Ojú tó fún pọ̀ ń rí ẹ̀yìn bó ṣe ń rí iwájú. Ó mọ èyí, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un níbi tó ti rà á. Nọ́ńbà kan péré ni ì bá kà, kò kà á.

Don Heriberto fúnra rẹ̀ ló gbé fíìmù náà lọ fọ̀ ní ìlú Guayaquil, tó sì gba fọ́tò bọ̀. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà tí àbúrò Doña Leonor fi mú ọ̀kan, tó ní, "Kí ló dé tí Piedad fi jọ alásè yín tó báyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, Doña Leonor gbé fọ́tò náà ka orí tábìlì Edelmira. Iwájú orí kan náà, àgbọ̀n kan náà, ojú Piedad àti ti Rosaura mọ́ kedere.

"Edelmira, mi ò tíì bi Rosaura ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ní kó dúró síbẹ̀, onítọ̀hún ni màá bínú sí, mi ò ní lé Rosaura. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ló yọ́ lọ, á kúrò nílé mi. Ta ló ní kó dúró síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gba Rosaura sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Edelmira rántí àwọn ilé ńlá tí Doña Leonor lè ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ ọn.

"Mi ò rí i, Doña Leonor. Kamẹ́rà tuntun yìí, kùrukùru ni ẹ̀yìn máa ń jẹ́ nínú ẹ̀."

Òótọ́ ni gbólóhùn kejì. Òun gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lọ títí dòní, nítorí ohun tó fi tan Rosaura jẹ láìmọ̀ ló tún mọ̀ọ́mọ̀ fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó bá Rosaura níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Machala, pẹ̀lú páálí ẹrù kan. Edelmira ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, Doña," ni Rosaura wí. "Wọ́n bi mí, mo ní èmi ni mo yọ́ lọ síbẹ̀. Mi ò dárúkọ yín. Oore lẹ fẹ́ ṣe fún mi." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo mọ̀ yín, ẹ máa fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Wọ́n á ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Edelmira wo ilẹ̀.

"Mi ò ní lọ," ló wí.

Rosaura dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.