Lẹ́búlẹ́bú Funfun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Wàrà Ewúrẹ́

Òórùn lọ́fínńdà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù màdáámù wa ní Jikwoyi. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó wà nínú ìpara tó ń tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì ni, iṣẹ́ ìjọba tí mo torí ẹ̀ wá sí Àbújá kò bọ́ sí i, mo wá dẹni tó ń po ìpara. Mo sì ń gbéra ga! Mo wọ kóòtù funfun, mo ń pe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí a to bùkẹ́ẹ̀tì sí ní lábù mi.

Lẹ́búlẹ́bú funfun kan tó ń dán bí iyọ̀ la ń pò mọ́ ọ̀rá. Háídírókuinóònù lorúkọ rẹ̀. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ń fọ fọ́tò. Àwọn tó ń ṣe ike ń fi í sínú èlò olómi wọn kó má baà dì ṣáájú àkókò. Tó bá kan awọ ara, ṣe ló ń dí ohun tó ń ṣe àwọ̀ dúdú lọ́wọ́ iṣẹ́, oòrùn á wá rí awọ náà níhòòhò. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i pẹ́, a máa pọ́n bí omi tíì. Màdáámù á ní oyin ló wà nínú èyí tó pọ́n, wàrà ewúrẹ́ ló wà nínú èyí tó funfun. Á gbàdúrà sórí bùkẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kàwé yó tó wá rà á á máa ṣe àmín, ojú wọn pupa, oríkèé ìka wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Ọrùn màdáámù rèé, ó rí bí ògiri tí òjò na. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ jòjòló wá. Ọmọ náà dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin.

“A fẹ́ ṣe ìsàmì rẹ̀,” ni ìyá ọmọ wí. “Mi ò fẹ́ kó dúdú báyìí nínú fọ́tò.”

Màdáámù kọjú sí mi. “Po ti ọmọdé fún wọn.”

“Kò sí ti ọmọdé, mà.”

“Kai! Ṣé ìwọ lọ̀gá níbí ni?”

Mo yíjú sí obìnrin náà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé. Kẹ́míkà ni, kò sí wàrà kankan níbẹ̀. Á gba ara ọmọ yìí wọnú ẹ̀jẹ̀.”

Mo rò pé á dúpẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pòṣé. “Ìlara ló ń pa ọ́.”

Màdáámù na ọwọ́ sí bùkẹ́ẹ̀tì láti bù ú fúnra rẹ̀. Mo gbé e mọ́ ọn lọ́wọ́, mo da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bú mi dé títì. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bwari báyìí. Ọdún mélòó kan ti kọjá kí n tó pàdé ìyá ọmọ ìjọ́sí nínú ọgbà ilé ìwé wa láìpẹ́ yìí, àbàwọ́n aláwọ̀ aró ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àtíkè pankéèkì kò lè bò ó. Ó dá mi mọ̀, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n káàánú irú wọn. Mi ò tíì rí àánú ọ̀hún lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ìjọ́sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dàgbà, ó ṣì dúdú minijọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Mo fọwọ́ kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń jọ̀lọ̀.