Wo Mí Lójú

Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Táílàńdì tó dé rárá. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán, tí mo ń gun ọ̀kadà láti Èsìẹ́ láràárọ̀, tí eruku ń bá mi wọ kíláàsì. Mo ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣe lórí fóònù. Mo lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì nítorí òǹtẹ̀ orí ìwé ẹ̀rí lásán. Ó wá ku ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Baba olórí ewú kan ló yọjú lórí fóònù. Mo dáhùn gbogbo ohun tó bi mí, Gẹ̀ẹ́sì mi ò sì kọsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kọ̀wé: wọ́n ní ilẹ̀ ni mo ń wò ṣáá, pé mo jọ ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tún un ṣe. Bí n ò bá yege, ó parí nìyẹn.

Inú bí mi. Ta ló ń wo àgbàlagbà lójú bí ẹni tó fẹ́ bá a jà? Ìyá mi, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tó ti fẹ̀yìntì, ló fi pàṣán kọ́ mi ní nǹkan yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ fà á," mo sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, èmi náà ni n ó tún un ṣe." Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó kọjú sí mi. "Wo mí lójú, kí o sọ ìdí tí o fi fẹ́ lọ."

Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, ojú mi á ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti iṣẹ́ dé, ebi ń pa mí, mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún ìyá mi ìdí tí mo fi fẹ́ fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kò wù mí rárá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo fi tipátipá tẹjú mọ́ ọn. Mo sọ̀rọ̀ dé ìdajì, mo dákẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ òsì ti funfun bí omi ògì.

"Màmá, láti ìgbà wo lojú yín ti rí báyìí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣáájú ìkórè èṣí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé o rí i ni. Inú ilé kan náà la kúkú jọ wà."

Ojú tì mí, mo fẹ́ wolẹ̀. Ó ní kí n má wolẹ̀, a ò tíì ṣe tán.

Nígbà tí wọ́n tún pè mí, mo wo baba olórí ewú náà lójú débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yege. Nígbà tí lẹ́tà iṣẹ́ dé sórí fóònù, ìyá mi gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún, ó kà á tán.

"O kú iṣẹ́," ó wí.

"Tí mo bá lọ, ta ló máa máa mú yín lọ sílé ìwòsàn nítorí ojú yìí?"

Mo tẹjú mọ́ ọn bí mo ṣe bi í, torí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló wolẹ̀.