Ohùn Ìyá Hilkka Nínú Sọ́nà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú wa Iisalmi léèrè nípa olóògbé Tenho Ruotsalainen, ọ̀rọ̀ sọ́nà, yàrá ooru tí à ń jókòó làágùn sí, ni yóò kọ́kọ́ sọ, ẹ̀rín ò sì ní jẹ́ kó sọ ọ́ parí! Ohùn ìyá tó bí Hilkka ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, orin tí ìyá náà kọ kó tó kú. Kò sí òmíràn láyé. Tenho wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú háàdì kan, àpótí pẹlẹbẹ tí a fi ń tọ́jú nǹkan inú kọ̀ǹpútà, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì tì í sábẹ́ àga inú sọ́nà létí adágún. Ó ní bí ilé bá jóná, ti sọ́nà á ṣẹ́ kù. Ó rántí iná ilé, ó gbàgbé iná Sátidé.

Sátidé dé, Hilkka dáná sọ́nà, àwa aládùúgbò jókòó, à ń làágùn. Àfi bí a ṣe gbóòórùn ike tó ń yọ́.

"Kí ló ń jó?" Hilkka bèèrè.

Tenho fò dìde. "Yéè! Ìyá ẹ ni!"

Ìhòòhò goloto ló bá sáré jáde, ó sì ju àpótí náà sínú adágún kó lè tutù. Ohun tí iná kò pa tán, omi parí rẹ̀. Hilkka kò bá a sọ̀rọ̀ títí Sátidé mìíràn fi dé.

Àtìgbà náà ni Tenho ti di oníwàásù! "Gbogbo háàdì ló máa kú," ló máa ń pariwo lórí kọfí, "ọjọ́ ni a ò mọ̀!" Ó wé àwọn ẹ̀dà tuntun sínú ọ̀rá, ó pín wọn kiri ilé wa.

Ó dé ọ̀dọ̀ Raija, aládùúgbò wa: "Ìyá ìyàwó mi rèé. Fi í sínú fírísà, iná ò ní dé ibẹ̀."

"Ẹja ló wà níbẹ̀, Tenho!"

"Ẹja ò bínú sí orin."

Bó bá tún yà síbẹ̀, kò ní mu kọfí àfi tó bá ṣí i wò. "Ẹ̀dà tí o ò tíì ṣí wò," á ní, "àlá lásán ni."

Kò pẹ́ tí Tenho kú, tí a sin ín, ni kọ̀ǹpútà ilé wọn ké kà-kà-kà, ó sì kú. Hilkka jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ti lọ, ọkọ rẹ̀ ti lọ, orin náà tún lọ.

"Dìde jàre!" Raija já wọlé, àpótí tó ń rùn bí ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. A dúró kó móoru, a sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi.

Ó ṣí! Ìyá ń kọrin! Orin parí, a sì gbọ́ ohùn Tenho, ẹni tó gba orin náà sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ tún un kọ, Ìyá. Hilkka á fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tí a ò bá sí níbí."