Adínja Tí Kì Í Jẹ Ohun Dídín

Bí ẹ bá ń wá ṣọ́ọ̀bù Adínja, imú yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Láti ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń yà ni òórùn ẹja dídín á ti di yín lọ́wọ́ mú, á sì máa wọ́ yín lọ bí ọlọ́pàá ṣe ń wọ́ olè. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń sáré lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀, tó ní òun kàn fẹ́ yà síbẹ̀ jẹ ẹyọ kan péré. Kó tó nu ẹnu tán, wọ́n ti bo sàréè. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀, ó ṣì ń bẹ ìyàwó rẹ̀ dòní.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Adínja. Ó ti wà nídìí agbada kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù, etí rẹ̀ sì mọ èdè tí ọ̀rá gbígbóná ń sọ. Bó bá dún ṣììì, á ní, “Ó ṣì ń tòògbé.” Bó bá dún ṣààà, á ní, “Ó ti jí.” Láràárọ̀, á gbé òkìtì ọ̀rá màlúù funfun, tó le bí ọṣẹ, sínú agbada ńlá náà, á sì dúró tì í títí á fi yọ́. Ẹja àti ọ̀dùnkún nìkan ló ń dín, kò sì sí ẹni tó dín wọn tó o láàárín àdúgbò náà. Ohun kan ló fi máa ń yangàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ohun dídín.

“Ṣé ẹ rí onígbàjámọ̀ tó ń fá orí ara rẹ̀ ni?” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, yàrá kótópó kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ, dígí àti àga kan kún fọ́fọ́. Obìnrin náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adínja ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá wọn lókè nígbà tí ohun kan di àyà rẹ̀ mú gírígírí. Ó jókòó, òógùn bò ó. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí i.

“Bàbá wọn, kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń sinmi ni.”

“Lórí àtẹ̀gùn? Kí ni àwọn àga inú ilé fi ṣẹ̀ yín?”

Àwàdà lẹ́nu, ẹ̀rù nínú. Kílínìkì ni wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ojú rẹ̀ le, tí ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, ó pè wọ́n jókòó.

“Bàbá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù.”

“Báwo ló ṣe débẹ̀? Inú agbada ni mo fi í sílẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. “Páìpù síńkì ṣọ́ọ̀bù yín, ṣé kì í dí?”

“Ṣé ó ń dí ni ẹ wí? Oníṣẹ́ páìpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ ilé wa. Ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú.”

“Mi ò ní sọ pé bákan náà gẹ́lẹ́ ni ti ara, torí ara kì í tutù bíi páìpù. Ṣùgbọ́n iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn náà máa ń dí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá ẹran, bọ́tà, àti irú wọn tó máa ń dì fúnra rẹ̀, àwọn ló ń jẹ́ kí ọ̀rá burúkú pọ̀ lẹ́jẹ̀ jù. Òróró tó ń ṣàn, irú èyí tí wọ́n ń fún lára irúgbìn, sàn jù wọ́n lọ, bí èèyàn ò bá ti ń dà á bí omi, tí kò sì ń gbé òróró kan náà kaná títí á fi dúdú. Ó yá, kí lẹ ń jẹ?”

Adínja na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. “Mi ò jẹ ohun dídín rí. Ẹ bi ìyàwó mi.”

“Òótọ́ ni,” ni ìyàwó wí. “Ó lè gbé e wálé fún wa, òun ò jẹ́ fẹnu kàn án.”

“A jẹ́ pé ìkòkò ilé ni ká lọ yẹ̀ wò,” ni Nọ́ọ̀sì sọ. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò, ó sì kọjú sí obìnrin náà. “Ìyá, ọwọ́ yín ló wà.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ aránṣọ lára. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ìkòkò rẹ̀. Bọ́tà jáde nílé. Ó bó awọ kúrò lára adìyẹ títí adìyẹ fi ń tijú. Ẹ̀wà tó ń sè láìsí ẹ̀kán òróró kan, bí ẹ bá wò ó, òun náà á wò yín padà bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Adínja ń jẹ ẹ́ láìráhùn. Àdúrà tó ń gbà sórí oúnjẹ ló kàn ń gùn sí i.

Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, wọ́n padà sí kílínìkì. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò dín kù. Ṣe ló tún lé díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo ìyàwó lókè dé ilẹ̀. “Ìyá, kí lẹ ń sè fún bàbá yìí? Mi ò ní kí ẹ má fi òróró kankan sí i o, ara ń fẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ò bójú mu. Bí àyà yẹn bá tún dì í mú, ó lè má jù ú sílẹ̀ mọ́.”

Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ kàn di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó fà á jáde.

Bí wọ́n ṣe délé ni wọ́n bá ẹ̀gbọ́n Adínja obìnrin, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wọlé, ìlẹ̀kùn ló máa ń kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó ti ń ṣí ìdérí ìkòkò kiri, ó ń ki ìka bọ̀ wọ́n.

“Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó se ọbẹ̀ ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé èmi ni mò ń pa á?”

“Mo ní mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

Aránṣọ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Àwo tó ṣófo níwájú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dun obìnrin náà ju ìka ẹ̀gbọ́n lọ. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ìkòkò tó ti fọ̀. Ó ń fura sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú aṣọ tó ń gán etí rẹ̀ dání, ó lọ jókòó ti fíríìsà nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun ló ń pa á, á jẹ́ pé nǹkan kan wà níta tó ń pa á, òun sì fẹ́ fojú rí i.

Ọ̀rá yọ́ nínú agbada. Adínja ju ègé búrẹ́dì kan sí i láti mọ̀ bó ti gbóná tó. Búrẹ́dì léfòó, ó pọ́n. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jù ú sẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ aránṣọ. Ó dìde, ó dín ègé búrẹ́dì tó tó irú ẹ̀, ó jù ú sínú abọ́ kan, ó fi aṣọ bò ó.

Asẹ́ ọ̀dùnkún jáde. Ọkọ mú ọ̀kan láti mọ̀ bó bá ti jinná. Ó mú òmíràn láti mọ̀ bí iyọ̀ bá tó. Ó tún mú òmíràn, torí pé èyí tó jẹ ṣáájú kò sọ òótọ́ délẹ̀. Ẹja jáde, ó ṣẹ́ ìrù rẹ̀ jẹ. Oníbàárà kan ní ẹja òun kò gbóná, Adínja bù ú jẹ kó tó dá a lóhùn. Gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu ọkọ ni ìkejì rẹ̀ ń wọ abọ́ ìyàwó.

“Ìyá,” ni oníbàárà kan bi í, “ṣé ẹ̀yin náà ti di adínja ni?”

“Ìwọ̀n ni mò ń gbà.”

“Ìwọ̀n ta ni?”

“Ìwọ̀n ikùn ọkọ mi.”

Nígbà tí wọ́n paná, ó gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀. “Bàbá wọn, ẹ jẹun.”

“Ìyá wọn, o mọ̀ pé mi ò jẹ ohun dídín.”

“Ẹ ti jẹ ẹ́. Ìkejì rẹ̀ nìyí.”

Adínja ṣí aṣọ náà. Mo ti gun òkè tó kéré sí ohun tó wà nínú abọ́ yẹn! Ọ̀rá ti tutù sí i lára, ó ti dì, ó funfun báláú.

Inú kọ́kọ́ bí i. “Ìtọ́wò nìyẹn! Iṣẹ́ ni! Ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ!”

“Ṣé ẹ ti sọ fún ikùn bẹ́ẹ̀?”

Ó jókòó sórí àpótí ọ̀dùnkún. Ó gbé abọ́ lé orúnkún, ó wò ó títí omi fi dé ojú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ ni. “Mo sì jókòó níbẹ̀,” ló wí, “mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi...”

“Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

“Rárá. Ibòmíràn la máa kọ́kọ́ yà.”

Ó gbé abọ́ náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ ń wá ohun tó wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀ ìyàwó mi. Ó rèé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bù ú jẹ.”

Ìka ẹ̀gbọ́n ti bọ́ sínú abọ́ kó tó ronú. Ó lá a. “Ó mà dùn o,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó sì dorí kodò.

Adínja pààrọ̀ ọ̀rá màlúù sí òróró tó ń ṣàn, bó bá sì ti ń dúdú, ó ń dà á nù. Àwọn kan ní adùn rẹ̀ ti yí padà, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Kò tọ́ nǹkan wò mọ́. Oníbàárà tó bá wà níwájú ló ń fún ní àkọ́bù asẹ́, ojú onítọ̀hún ni yóò sì máa wò láti mọ̀ bó bá dùn. Èmi náà ń dúró síwájú déédéé, títí ìyàwó rẹ̀ fi bi mí bóyá kí òun wá abọ́ tèmi.

Nígbà tí wọ́n tún padà sí kílínìkì, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti ń wálẹ̀. Kò tíì dé ibi tí wọ́n fẹ́, oògùn sì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ó ń wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ aránṣọ mú. “Ìyá, ẹ foríjì mí. Èmi náà wò yín ní ìwòkuwò.”

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n. Ó pẹ́ kó tó yọjú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló fún ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, aṣọ tuntun lọ́wọ́.

“Rán an fún mi, bó bá ṣe wù ẹ́.”

Aránṣọ fa téèpù yọ. “Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n wa.”

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè bí olè tí ọwọ́ tẹ̀. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ògiri pé, “Mo ṣẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa.”

“Ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n bó ṣe rí.”

“O ò gbọ́ ohun tí mo wí ni?”

“Mi ò gbọ́ dáadáa. Ariwo ẹ̀rọ yìí pọ̀ jù.”

Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó láti àárọ̀, kò dún rárá. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó wo òdìkejì títì níbi tí àwọn èèyàn tò sí níwájú agbada. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún un sọ, lóhùn tó jẹ́ pé gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ ló yíjú wò.