Ọwọ́ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Gbọ́mọ

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àárín ọṣẹ àti omi ló ti lo ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ́kísímà ni dókítà pè é. Ara á máa gbẹ, á máa yún, á sì máa sán bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀, ṣùgbọ́n kì í ran ẹlòmíràn. Ẹ bá mi gbọ́ ìyẹn dáadáa: kì í ràn! Mo ti wí i títí ẹnu mi fi bó, àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní kúrùnà.

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tó ń bá ọwọ́ rẹ̀ jà: omi gbígbóná, lọ́fínńdà, aṣọ onírun, òógùn tó gbẹ sára. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi ń wẹ̀, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Kì í fi aṣọ ìnura gbo ara, yóò rọra fi tẹ omi kúrò ni, kí ara sì tó gbẹ tán, ó ti fi fasilíìnì pa á. Ó ń gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ha ara bó lójú oorun. Obìnrin tó ń ṣọ́ra tó báyìí ni wọ́n ń pè ní ọ̀bùn!

Olórí wọn ni ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹni tí mo sọ ní Ìyá Ìmọ́tótó. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí àkọ́bí, obìnrin yìí ti kó wọlé ṣáájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé, Ìyá Ìmọ́tótó sì gbé ọmọ náà kẹ̀yìn sí i.

"Àna mi, ẹ má bínú o. Ara ọmọ tuntun ò gba irú ọwọ́ yẹn."

Orí mi gbóná. "Irú ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó tọ́ ìyàwó yín dàgbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́, ilé ọkọ ọmọ òun ni a wà. Láti ọjọ́ náà, tó bá wá, orí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, tí yóò máa wo ọmọ lókèèrè bí àlejò. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kó gbé ọmọ yẹn mọ́ra, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń dù ú.

Ìyá Ìmọ́tótó ń fi omi gbígbóná wẹ ọmọ. Ó ń fi kànrìnkàn gbo ó bí ẹni ń gbo ìkòkò, ọṣẹ olóòórùn dídùn lónìí, páúdà lọ́la, lọ́fínńdà lára súwẹ́tà onírun. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ní kí wọ́n dín in kù, nítorí irú ara òun lè wà lára ọmọ náà.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Nínú ẹbí tiwa, a kì í ṣọ̀bùn."

Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ fi pọ́n, tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ sì ń sán. Ó ń ké, kò rí oorun sùn. Ìyá ọmọ pè wá. Bí a ṣe wọlé báyìí, Ìyá Ìmọ́tótó nàka sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ ti kó o ràn án!"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí! Ọwọ́ tí kò kan ọmọ rí! Mo ti lanu tán nígbà tí ìyá ọmọ, tí kì í dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn, ṣáájú mi.

"Mọ́mì, ọjọ́ wo lẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án? Dókítà wò ó láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ́kísímà àbímọ́ ni, pé ọṣẹ àti lọ́fínńdà yín ló jí i dìde."

Ìyá ọmọ wá gbé ọmọ náà fún ìyá tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á. Ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó fi wé ọwọ́ méjèèjì kó tó nà wọ́n sí ọmọ. Òun tó mọ̀ pé kì í ràn! Wọ́n ti wí i títí, òun fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí ohun tó bí mi nínú tó ìyẹn.

"Màmá mi, ẹ tú u," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ẹkún ló fi tú u.