Bàbá Sípẹ́lìn àti Ìwé Ilé

Kẹ́ ẹ tó káàánú Bàbá Sípẹ́lìn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń tẹ lẹ́tà níléeṣẹ́ omi wa, ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ìwé ń gbà kọjá, báírò pupa kì í sì í kúrò lápò ẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, mo kọ̀wé lọ́jọ́ kan pé pépà àti báírò ti tán. Dípò “stationery”, mo kọ “stationary”. “e” kan ṣoṣo ni mo sọ di “a”! Ó pe gbogbo ọ́fíìsì jọ: “Ẹ wá wò ó o! Sítọ́ọ̀kípà ní pépà tó dúró gbagidi lójú kan ló tán!”

Tèmi tiẹ̀ dáa. Géètìmáànù kọ̀wé pé ìyá òun ò lókun mọ́, kí wọ́n fún òun láyè lọ wò ó. “Weak” ló fẹ́ kọ, “week” ló kọ. Bàbá ní, “Ìyá ẹ ti di ọ̀sẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kelòó nínú oṣù?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá ìwé náà padà. Ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀ ẹ́ pé ṣebí ohun tóun ń sọ yé Bàbá. Ó ní, “Ohun tó o kọ ni mo rí, n ò rí inú ẹ.” Ìgbà tí “weak” fi máa tọ̀nà, ìyá ti kú.

Àfi bí ìfẹ̀yìntì ṣe dé. Iléeṣẹ́ kọ̀wé bi í: ṣé á fẹ́ máa gbé ilé tí wọ́n fún un fún ọdún méjì sí i? Bàbá ò sì kọ́lé tiẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.” Ó ní, “Nínú èmi àti ọmọ, ta ló bí ta?” Ó da gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sílẹ̀ lójú ìwé méjì, ó wá fi gbólóhùn kan kádìí ẹ̀: òun àtìdílé òun á fi tayọ̀tayọ̀ gbé ibẹ̀. “Live” ni gbígbé, “leave” ni kíkúrò. Lẹ́nu tiwa, bákan náà la ń pè wọ́n. Bàbá kọ “leave”.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: àwọn gbà, àwọn dúpẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní Jímọ̀. Kó tó sáré lọ ṣàlàyé, wọ́n ti fún ẹlòmíì nílé.

Mo rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Mo ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àfìgbà tí mo rí ìyàwó ẹ̀ tó ń tú kọ́tìnnì ojú fèrèsé, tó ń sunkún, ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kí lobìnrin yẹn ṣe?

Nígbà tí ọkọ̀ dé géètì, Bàbá yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ké sí géètìmáànù: “Ìwọ náà bá mi dá sí i! Gbígbé ló wà lọ́kàn mi!”

Géètìmáànù ṣí géètì gbayawu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ó yé mi, sà. Ohun tẹ́ ẹ kọ ni wọ́n rí, wọn ò rí inú yín.”